Amóhùnmáwòrán Wo Ni Kí Ẹ Rà?

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ara páálí tàn yín: èyí tí wọ́n kọ LED sí lára, LCD náà ni. Iná wà lẹ́yìn ojú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí òkùnkùn inú àwòrán rẹ̀ fi máa ń dà bí eérú. OLED, tí Sony kọ́kọ́ tà fún ìlò ilé lọ́dún 2007 ní ìwọ̀n ínǹṣì 11 péré, kò ní iná ẹ̀yìn. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan inú àwòrán ló ń tan ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀. Bí ó bá kú, a dúdú bí kóró iṣin.

Fún géèmù, OLED ló yá jù. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré kì í fa ìrù lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn tàbí iye góòlù tó ń wà lójú kan fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́ lè dá àpá tí kì í parẹ́ sí i. Ilé tí ìròyìn ti ń tàn láti àárọ̀ di alẹ́ (irú wọn pọ̀ láàrin wa), LCD ni kí wọ́n rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni pálọ̀ tí oòrùn ń wọ̀. Owó rẹ̀ sì fúyẹ́ jù.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ yí i sí ipò géèmù kí àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, kí ohun tí ọwọ́ wọn tẹ̀ lè tètè hàn.