Ihò Tí A Gbẹ́, Tí A Dí, Tí A Tún Gbẹ́

Ní oṣù kejì ọdún 2026, àwọn ará ìlú Toronto ní orílẹ̀-èdè Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun ní òpópó Eglinton. Ọ̀nà náà gùn ní kìlómítà 19, ó sì ní ibùdó 25, láti Mount Dennis ní ìwọ̀-oòrùn ìlú dé Kennedy ní ìlà-oòrùn. Bí kìlómítà 10 nínú rẹ̀ ni ó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. A bá wọn yọ̀, nítorí ẹni tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó ti fi ojú rẹ̀ rí màbo mọ iyì ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń yọ̀ ni a ń ka ọdún lórí ìka. Ọdún 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ ta ọkọ́ sí ilẹ̀ òpópó yìí kan náà fún rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Ọmọ tí a bí ní ọdún náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ọkọ̀ tó gbé e níbẹ̀. Kí ni ó fa ìdádúró? Òkúta kọ́, omi kọ́. Ènìyàn ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú kékeré wo iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n lò. Méjì ń jẹ́ Dennis àti Lea, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìhà ìwọ̀-oòrùn ní ọdún 2013. Àwọn méjì yòókù, tí wọ́n wá láti ìlà-oòrùn, ń jẹ́ Don àti Humber, orúkọ odò méjì tí ń ṣàn ní ìlú náà. Méjì méjì ni wọ́n ń rìn, nítorí ihò ọkọ̀ tí ń lọ yàtọ̀ sí ihò ọkọ̀ tí ń bọ̀. Orí ẹ̀rọ náà rí roboto, ó sì ga ju ènìyàn mẹ́ta tí ó dúró lé ara wọn léjìká lọ. Bí ó ti ń yí ni ó ń họ ilẹ̀, tí yẹ̀pẹ̀ sì ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Nígbà tí ó bá sún síwájú díẹ̀, wọn a to àwọn abala kankéré yí ihò náà ká kí ilẹ̀ má ba à ya lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ìdiwọ̀n ẹsẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, títí di ọdún 2016.

Síbẹ̀, gbígbẹ́ ihò rọrùn ju kíkọ́ ibùdó lọ. Láti òkè ni a ti ń la ilẹ̀ fún ibùdó. A ní láti ṣí ọ̀pá omi àti wáyà iná nípò, kí a dín ojú títì kù, kí a sì gbẹ́ kòtò tí ó jìn ju kànga lọ ní àárín ilé àti ọjà. Níbi tí Eglinton ti pàdé òpópó Yonge, abẹ́ ibùdó àtijọ́ ni wọ́n kọ́ ti tuntun sí, ibùdó tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò gbà kọjá láti ọdún 1954. Ẹ fi ọkàn yàwòrán ẹni tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí abẹ́ ilé tí àwọn ará ilé ṣì ń sùn nínú rẹ̀.

Irú iṣẹ́ tí ó tóbi báyìí ni àwọn olóṣèlú fi ṣeré. Ìjọba Bob Rae ní ìpínlẹ̀ Ontario ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1994. Ìdìbò dé ní 1995, ẹgbẹ́ Mike Harris wọlé, wọ́n sì dá iṣẹ́ dúró. Dídá a dúró nìkan kò tó wọn. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ padà sínú kòtò náà, wọ́n dí i pa. Ará ìlú sanwó láti gbẹ́ ihò, ará ìlú sì tún sanwó láti dí i.

Ọdún méjìlá kọjá. Ní 2007, David Miller, olórí ìlú Toronto nígbà náà, gbé ètò tuntun kalẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin aláfẹ́fẹ́ iná mànàmáná sí ọ̀pọ̀ òpópó, Eglinton sì wà nínú rẹ̀. Rob Ford gba ipò ní oṣù Kejìlá 2010, ní ọjọ́ kìíní rẹ̀ lórí oyè ó kéde pé ètò náà ti parí. Ó ní abẹ́ ilẹ̀ ni kí gbogbo rẹ̀ gbà. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2011 láàrin àríyànjiyàn. Ní 2012, ìgbìmọ̀ ìlú dìbò, wọ́n sì dá a padà sí bí ó ti wà: àárín gba abẹ́ ilẹ̀, apá ìlà-oòrùn gba orí títì.

A kò ní purọ́ pé olóṣèlú nìkan ni ó jẹ̀bi. Ní 2015 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó lé ní bílíọ̀nù 9 dọ́là Kánádà fún kíkọ́ ọ̀nà náà àti ìtọ́jú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ṣèlérí ọdún 2020. Ó di 2021, ó di 2022, lẹ́yìn náà àwọn aláṣẹ kò dá ọjọ́ kankan mọ́. Àjàkálẹ̀ àrùn kọ́rónà dé, agbaṣẹ́ṣe àti ìjọba gbé ara wọn lọ sí ilé ẹjọ́, a sì rí i pé irin ojú ọ̀nà kò tọ́ ní àwọn ibì kan, ó di dandan kí a tún un ṣe. Owó tí iṣẹ́ náà jẹ lé ní bílíọ̀nù 12.

Ta ni ó wá jẹ ìyà rẹ̀? Ní apá ìwọ̀-oòrùn òpópó náà ni àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Little Jamaica. Àwọn ènìyàn dúdú láti erékùṣù Karíbíánì ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọjà ibẹ̀: onígbàjámọ̀, alásè, olùta rẹ́kọ́ọ̀dù, aránṣọ. Ọdún lé ọdún ni ọgbà iṣẹ́ fi dí ojú ìsọ̀ wọn, tí oníbàárà kò rí ibi dúró, tí eruku àti ariwo kò jẹ́ kí wọ́n mí. Ọ̀pọ̀ ti ìlẹ̀kùn wọn, wọn kò sì ṣí i mọ́. Bí ọ̀nà náà ti ń mú ìrọ̀rùn bọ̀, àwọn tí ó fara da ìnira rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́ láti jẹ èrè rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ìjọba tuntun ní ẹ̀tọ́ láti yí ètò ìjọba àná padà, pé ìdí nìyí tí a fi ń dìbò. Òtítọ́ ni. Wọn yóò tún sọ pé gbèsè wọ Ontario lọ́rùn ní 1995. Òtítọ́ ni ìyẹn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn a máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí owó yóò fi dé. Kì í san owó fún ẹni tí yóò ba ohun tí ó ti ṣe jẹ́. Ohun tí wọ́n ní àwọn kò ní owó fún ní 1995 ni àwọn ọmọ wọn wá san ní ìlọ́po.

Ẹ̀yin ará wa, a kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ojú tí ó rí ti Toronto ti rí ti Èkó ṣáájú. Gómìnà Lateef Jakande, tí ó wọlé ní 1979, ni ó pète rélùwéè ìlú fún Èkó. Ìjọba ológun tí Muhammadu Buhari jẹ́ olórí rẹ̀ fagi lé e ní 1985, owó tí Èkó ti san sì wọmi. Ọdún 2010 ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà aláwọ̀ búlúù. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Buhari kan náà, tí ó ti di ààrẹ tí a dìbò yàn, ni ó wá ṣí i. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni èrò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13, ibùdó márùn-ún. Ọdún méjìdínlógójì ni a fi sanwó ìfagilé kan.

A yin àwọn gómìnà mẹ́ta tí iṣẹ́ náà gba ọwọ́ wọn kọjá láti 2010 tí kò sí ẹni tí ó gbé e sọnù. Ṣùgbọ́n ìdílé òṣèlú kan náà ni wọ́n ti wá. Ìdánwò gan-an ṣì ń bọ̀: ọjọ́ tí ẹgbẹ́ mìíràn bá wọlé, tí ó bá ìpìlẹ̀ tí ọ̀tá rẹ̀ fi lélẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkíní, kí òfin ilé ìgbìmọ̀ dáàbò bo irú iṣẹ́ báyìí, kí gómìnà kan má lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán pa á. Èkejì, kí ẹni tí ó bá fẹ́ dá a dúró kọ́kọ́ fi iye tí ìdádúró yóò ná wa hàn ní gbangba. Ẹ̀kẹta, kí a ya owó sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún àwọn ìyálọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí iṣẹ́ yóò dí ojú ìsọ̀ wọn, kí a sì san án nígbà tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn baba wa ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Toronto ti san owó ẹ̀kọ́, Èkó náà ti san tirẹ̀. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ kó yẹ̀pẹ̀ dí ihò tí ará ìlú sanwó gbẹ́, ẹ bi í léèrè kí ó tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti wọlé tán.