Oníbàárà tí kò kánjú ni owó rẹ̀ ń kárí ọjà

Àwọn àgbà ló ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àmọ́ ó jọ pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti gbàgbé pé bí ọ̀nà bá ṣe rí náà ló ń sọ irú oníbàárà tí yóò gbabẹ̀ wá. Ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n da ọ̀dà sí dáadáa, eré àsápajúdé ni ọkọ̀ ń sá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Kí ẹni tó ń ta omi tútù tó lanu polówó ọjà rẹ̀, ọkọ̀ ti dé ìlú kejì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lórílẹ̀-èdè New Zealand, ọ̀nà tóóró kan wà nínú igbó tí mọ́tò kankan kò lè gbà, tó sì ń mú owó wọlé fún àwọn oníṣòwò kéékèèké tó wà ní ìkángun rẹ̀ méjèèjì. Old Ghost Road lorúkọ ọ̀nà náà.

Kìlómítà 85 ni gígùn rẹ̀. Lyell ló ti bẹ̀rẹ̀, nítòsí Seddonville ló parí sí, ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù gúúsù ilẹ̀ náà. Láyé ìgbà tí àwọn èèyàn ń wá góòlù káàkiri agbègbè ọ̀hún, ní nǹkan bíi 1870 sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà náà láti apá méjèèjì, ṣùgbọ́n apá kìíní kò bá apá kejì pàdé títí tí góòlù fi tán. Ìlú Lyell fúnra rẹ̀ tú, ó ku itẹ́ òkú àti pápá táwọn arìnrìn-àjò ń pàgọ́ sí. Igbó bo ọ̀nà, ìmìtìtì ilẹ̀ tó wáyé ní 1929 sì wó apá kan òkè náà lulẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí àwọn ará àdúgbò tó dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mokihinui-Lyell Backcountry Trust, tí wọ́n sì tún ọ̀nà náà gbé dìde. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ wà lára àwọn tó là á. Oṣù Kejìlá, ọdún 2015, ni wọ́n ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń gba ibẹ̀, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere náà sì ń gbà á. Ìrìn àjò àwọn oníkẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe ìdíje. Ẹni tó lágbára gan-an lè sáré gba ibẹ̀ já lọ́jọ́ kan, àmọ́ ọjọ́ méjì sí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ tó kóra jọ máa ń fi gùn ún. Ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan ni wọ́n ń lọ, torí ọ̀nà náà kò gba kẹ̀kẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọn kì í gbé agbọ̀n ńlá sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bíi ti ẹni tó ń gbé ẹmu lọ sọ́jà, nítorí igi àti òkúta yóò máa ha á. Àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n rán ní ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń so mọ́ irin àárín, mọ́ ọwọ́ rẹ̀ àti sábẹ́ ìjókòó. Ibi tó bá ga jù, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa tì í. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á sùn sí àwọn ahéré tó wà lójú ọ̀nà, irú èyí tó wà ní Ghost Lake, létí òkè tó ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà. Wọ́n á dáná, wọ́n á tàkúrọ̀sọ, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan oníṣòwò gan-an rèé. Láàárín ìkángun méjèèjì yẹn, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí búkà, kò sí ọ̀nà mọ́tò. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé kò sówó níbẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Torí pé kò sí nǹkan kan nínú igbó ni gbogbo ohun tí èèyàn nílò fi gbọ́dọ̀ ti ìta wá.

Kí a sọ pé ọ̀rẹ́ mẹ́rin fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n ní láti sanwó ahéré sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n ní láti sùn sí ìlú Westport tàbí Murchison lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n jẹun níbẹ̀, kí wọ́n sì ra oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan nínú wọn á rántí pé òun kò mú túùbù àfirọ́pò, ẹlòmíì á ní kí wọ́n bá òun wo bíréèkì òun. Bí wọ́n bá gbé mọ́tò wọn sílẹ̀ ní Lyell, Seddonville ni wọ́n máa já sí, ibẹ̀ sì jìnnà sí ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí. Nítorí náà, àwọn kan wà tí iṣẹ́ tiwọn kò ju pé kí wọ́n bá oníkẹ̀kẹ́ wa mọ́tò rẹ̀ lọ sí ìkángun kejì lọ, owó gidi sì ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Nígbà tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára àti ebi nínú, oúnjẹ gbígbóná, omi ìwẹ̀ àti ibùsùn ni wọ́n kọ́kọ́ máa béèrè.

Ó kéré tán, oníṣòwò mẹ́fà ló ti jẹ nínú owó àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin yìí, kò sì sí èyí tó jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Ká ní ọjọ́ kan ni wọ́n fi sáré gba ibẹ̀ já, kò sẹ́ni tí yóò sùn, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa jẹ, wọ́n á sì kọrí sílé. Kì í ṣe pé ẹni tó rọra ń lọ lówó ju ẹni tó ń sáré lọ. Àkókò ló fi jù ú lọ, àkókò yìí ló sì máa ń di owó lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ ohun tí oníbàárà ọ̀hún yóò nílò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán fún agbègbè yẹn. Èédú ni wọ́n fi ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. Oṣù Kọkànlá, ọdún 2010, ni ibùdó ìwakùsà èédú Pike River bú gbàmù, èèyàn 29 sì kú sínú rẹ̀. Ní 2015, gbèsè wọ Solid Energy, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń wa èédú ní Stockton, lọ́rùn. Ní 2016, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó wà lẹ́bàá Westport náà kógbá sílé. Ìjọba ilẹ̀ náà ti kọ́kọ́ ya 50 mílíọ̀nù dọ́là owó wọn sọ́tọ̀ ní 2009 fún lílà ọ̀nà kẹ̀kẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, kí iṣẹ́ lè wà fún aráàlú lásìkò tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀. Nígbà tó sì di ìparí 2019, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń pè ní Paparoa Track, tó jẹ́ kìlómítà 55, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Ìrántí àwọn 29 tó kú sí Pike River ni wọ́n fi ṣe.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé owó oníkẹ̀kẹ́ kò lè dà bí owó ìwakùsà. Ẹni tó ń tẹ́ ibùsùn fún àlejò kò lè gba iye tí awakùsà ń gbà. Bí òtútù bá mú, àlejò á dín kù, bí òjò ńlá bá sì wó ilẹ̀ dí ọ̀nà, ọjà dúró nìyẹn. Àmọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú gbójú lé, ọjọ́ tó bá ti ilẹ̀kùn, gbogbo ìlú ló ń sunkún. Owó tó ń ti ọwọ́ oníbàárà kéékèèké wọlé, díẹ̀díẹ̀ náà ló ń wá, kì í sì í tán lọ́jọ́ kan.

Ohun tó yẹ kí ó dun oníṣòwò jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ìtọ́jú ọ̀nà. Igi máa ń wó, àgbàrá máa ń gbẹ́ ilẹ̀, afárá onígi máa ń jẹrà. Àjọ tó ni ọ̀nà náà lágbára gbọ́ ti owó ahéré àti ọrẹ táwọn èèyàn bá dá. Bí ọ̀nà náà bá bàjẹ́, onímọ́tò, olóúnjẹ àti onílé ìtura ni yóò jọ pàdánù. Ọ̀nà náà ni ọjà wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó to igbá sójú rẹ̀. Oníṣòwò tó bá ń jẹ lára ọ̀nà, tí kò dá owó sí i, tí kò sì lọ gbé igi kúrò lójú rẹ̀, gbèsè ló ń jẹ láìmọ̀.

Kì í ṣe pé kí oníṣòwò ilẹ̀ Yorùbá wá máa la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sínú igbó, pàápàá lásìkò tí ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń ba èèyàn lójú títì gan-an. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ súnmọ́lé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń gun òkè Ìdànrè wà, àwọn tó ń wá síbi ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo lóṣù Kẹjọ náà wà. Èrò pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ oníṣòwò mélòó ló ti jókòó rò ó pé kí ni wọ́n ń wá tí wọn kò rí, tí wọ́n fi ń tètè padà sílé? Ẹni tó ń ta oúnjẹ lè bá ẹni tó ní yàrá àlejò sọ̀rọ̀, ẹni tó ní yàrá lè bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, kí àlejò tó bá délé ẹnì kan lè ti ibẹ̀ mọ ilé ẹnì kejì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì rẹ́ àlejò jẹ, gbogbo wọn ló ba ọjà jẹ́ fún.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn ará Lyell àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà láti apá méjèèjì, wọn kò pàdé, góòlù sì tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn tó parí rẹ̀ ní 2015 kò rí góòlù kankan wà nílẹ̀. Oníbàárà tí kò kánjú ni wọ́n rí.