Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì: Ẹ Yẹ Ráàkì Sitíárìn Wò Kẹ́ Ẹ Tó Kérò

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọ̀nà Àgbàdo-Èkìtì sí Òde, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kérò láti Adó gba Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Àkúrẹ́, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ Ìṣẹ̀ àti Emùré, ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Kẹ́ ẹ tó kérò lónìí, ẹ yẹ sitíárìn yín wò. Kò gba àkókò, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ táná sí ọkọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí táyà iwájú méjèèjì kọjú síwájú gan-an. Kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ síta, kó tẹjú mọ́ táyà. Ẹ fi ìka méjì yí sitíárìn díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún, kẹ́ ẹ dá a padà sósì, títí onítọ̀hún á fi ké pé táyà ti mira. Ibi tí sitíárìn rìn dé kí táyà tó gbọ́, òun ni kẹ́ ẹ wọ̀n. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò lọ́dọọdún, mílímítà 13 ni òpin fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníráàkì. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìbú ọmọńdinrín lọ. Bí ti yín bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kì í ṣe gáréèjì.

Ráàkì ni ọ̀pá irin gbọọrọ tó dùbúlẹ̀ láti apá ọ̀tún dé apá òsì níwájú ọkọ̀, eyín sì wà lára rẹ̀ bíi ti ayùn. Géà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní pínnọ̀nù wà nísàlẹ̀ ọ̀pá sitíárìn, eyín tirẹ̀ ló há mọ́ ti ráàkì. Ẹ yí sitíárìn, géà yí, ráàkì sún, táì-rọ́ọ̀dù sì fa táyà. Àwọn ẹnjiníà tó ń fi kọ̀ǹpútà dán ọkọ̀ wò kí wọ́n tó rọ ọ́, nínú ètò bíi CarSim àti Simulink, lè fi ìlà ìṣirò kan ṣoṣo kọ gbogbo èyí: sitíárìn yí tó báyìí, ráàkì sún tó báyìí. Ká ní ráàkì kan sún mílímítà 150 láti òpin kan dé èkejì, tí sitíárìn sì yí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyípo kan jẹ́ mílímítà 50 nìyẹn. Eyín inú kọ̀ǹpútà kì í jẹ, àfi bí ẹni tó jókòó tì í bá dìídì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àlàfo wà. Ẹ wá fi àlàfo mílímítà 1 péré síbẹ̀. Lórí sitíárìn tí ìbú rẹ̀ tó mílímítà 380, ọwọ́ yín á rìn ní mílímítà 24 lófo kí táyà tó mira. Bẹ́ẹ̀, lórí eré 80 kìlómítà ní wákàtí, ọkọ̀ ń jẹ mítà 22 ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń fi géèmù kọ́ ọkọ̀ wíwà, ẹ má fi ráàkì inú géèmù, tí eyín rẹ̀ kì í jẹ, wọn ọkọ̀ bàbá yín.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí àwa fúnra wa ń fowó rà: ká ní kí mẹkáníìkì bá wa fún ráàkì le. Ráàkì ń ró kó-kó-kó lórí gálọ́ọ̀pù. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi sípánà mú nọ́ọ̀tì tó wà lára ráàkì, ó fún un, ariwo dákẹ́. Ọlọ́kọ̀ dúpẹ́, ó sanwó. Àmọ́ àárín ni eyín ráàkì ti ń jẹ jù, torí pé iwájú tààrà la sábà ń kọrí sí; eyín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì le koko. Bí wọ́n bá fún un títí tí àárín fi há, ẹ̀gbẹ́ á há ju bó ṣe yẹ lọ. Lójú títì tó gùn gbọọrọ, ẹ ò ní mọ̀. Ó di kọ́nà, sitíárìn á gan, ẹ ó yí i lọ, kò ní fẹ́ padà bọ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti ṣe é fún yín rí, ẹ wá pápá tó ṣófo, ẹ rọra wakọ̀ yípo sọ́tùn-ún àti sósì, kẹ́ ẹ dẹ ọwọ́ lára sitíárìn. Ó yẹ kó máa padà fúnra rẹ̀. Bó bá gan síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ráàkì yẹn ti tán, kó jẹ́ pípààrọ̀ ló kù.

Ẹ wo rọ́bà tó bo etí ráàkì lọ́tùn-ún lósì. Bó bá ti ya, eruku ọ̀nà oko kòkó Emùré á wọlé nígbà ọyẹ́, omi á tẹ̀ lé e nígbà òjò, gírísì á sì di ohun tó ń lọ irin. Rọ́bà yẹn kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráàkì. Bí ATF, òróró páwà sitíárìn, bá ń jò sínú rọ́bà náà, ẹ má máa bu òróró kún un lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ pe ìyẹn ní àtúnṣe. Páwà yìí ni kì í jẹ́ kọ́wọ́ tètè fura pé ráàkì ń bàjẹ́. Awakọ̀ Peugeot 504 tí kò ní páwà, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, ń fi apá gbé ráàkì tirẹ̀, bó bá ti yí padà díẹ̀, èjìká á sọ fún un.

Ẹ̀yin ajórin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó ráàkì tó ṣẹ́ tàbí táì-rọ́ọ̀dù tó já fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ráàkì tòkunbọ̀, ẹ yí i láti òpin dé òpin lójú ẹni tó ń tà á. Bó bá rọ̀ níbì kan tó le níbòmíì, ẹ dá a padà.

Ọkọ̀ tuntun náà kò yọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Honda pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 1.7 padà ní Amẹ́ríkà, títí kan Civic ọdún 2022 sí 2025 àti CR-V ọdún 2023 sí 2025, nítorí pé géà inú ráàkì wọn lè mú kí sitíárìn máa gan. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wọ Èkó ní tòkunbọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Nọ́ńbà ṣáàsì, tó jẹ́ àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, ni kẹ́ ẹ tẹ̀ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni, á sì sọ bí iṣẹ́ bá ṣì kù lára rẹ̀.

Bí sitíárìn bá wá gan tàbí tó tú mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àsélẹ́rétọ̀, ẹ fi háásáàdì hàn, ẹ rọra tẹ bíréèkì láì já a gbà. Ẹ má pa ẹ́ńjìnì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ: páwà á lọ, bíréèkì á le, bẹ́ẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ lè ti sitíárìn pa. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró pátápátá ni kẹ́ ẹ pa á, kẹ́ ẹ kó èrò bọ́ sílẹ̀ ní apá igbó, kẹ́ ẹ gbé C-caution sẹ́yìn ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì pe ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC sórí 122.