Ẹni Tí Kò Mọ Igbó Ìlú Rẹ̀, Ọ̀sanyìn Wo Ló Ń Pè?

Kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yìí. À ń kọ ọ́ sára aṣọ, òun la sì fi ń kọ́ ọmọ tuntun lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wọ ilé òrìṣà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń gbé Amẹ́ríkà léèrè pé kí ni orúkọ igi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ojú ara wa la ó máa wò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ le díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ni, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́. Mo ní: olórìṣà tó ti gbé ìlú kan fún ogún ọdún, tí kò mọ ewé ìlú náà, tí kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹnu lásán ló fi ń sin Ọ̀sanyìn. Mo sì tún ní: ilé ẹ̀kọ́ tí a nílò ń ṣílẹ̀kùn fún wa ní ìgbà ìrúwé ọdọọdún. Àwa la kọ̀ tí a kò wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi Philadelphia ṣe àpẹẹrẹ. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún Odunde níbẹ̀, èyí tí Lois Fernandez dá sílẹ̀. Lóṣù kẹfà, àwọn èèyàn a tò lọ sí etí odò Schuylkill, wọn a gbé èso àti òdòdó fún Ọ̀ṣun. Ohun rere ni, kí Ọ̀ṣun gbà á. Ṣùgbọ́n nínú ìlú kan náà, létí odò kan náà, ibùdó ìtọ́jú igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Schuylkill Center, láti ọdún 1965. Ní ìgbà ìrúwé, tí òjò bá rọ̀ lálẹ́ tí ara ilẹ̀ sì ti ń móoru, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ a jáde láti inú igbó, wọn a sọdá títì lọ yé ẹyin sínú omi. Àwọn ará àdúgbò, àgbà àtọmọdé, a wọ bàtà òjò, wọn a dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀, kí ọkọ̀ má baà tẹ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà pa. Mélòó nínú àwa tí à ń gbé òdòdó lọ sódò lóṣù kẹfà ló ti dúró ti ọ̀pọ̀lọ́ nínú òjò lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin?

Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan kọ́. Ní ìgbà ìrúwé náà ni ẹja kan tí wọ́n ń pè ní shad máa ń ti inú òkun wá, tó ń wọ́ gòkè odò Schuylkill láti lọ yé. Ìdènà omi tí wọ́n kọ́ sí Fairmount ti dá ẹja náà dúró láyé àtijọ́, kí wọ́n tó la ọ̀nà ẹja sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 1979. Ẹ̀yin ọmọ Yemọja, ẹ gbọ́ ná: ìyá tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń sọ fún wa pé ẹja lọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń ti inú òkun bọ̀ wá sílé ní ìlú tí ẹ ń gbé, ẹ kò sì mọ oṣù tí wọ́n ń dé.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fún mi. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan á ní nǹkan òyìnbó ni, pé àwọn tó ń fi awò wo ẹyẹ kì í ṣe irú wa. Irọ́ ni. Ní ìwọ̀ oòrùn Philadelphia, níbi tí àwọn èèyàn dúdú pọ̀ sí, ibùdó kan wà létí odò Cobbs Creek, obìnrin dúdú kan tó ti fi iṣẹ́ tíṣà ṣayé, Carole Williams-Green, ló dúró tì í títí tó fi dìde, kí àwọn ọmọ àdúgbò lè rí ibi tí wọn yóò ti mọ odò tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé wọn. Ṣé òyìnbó nìyẹn? Àwọn bàbá ńlá àwọn èèyàn dúdú tó wà ní gúúsù Amẹ́ríkà ló mọ bí a ṣe ń se ewé pokeweed nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí wọ́n á bọ̀ ọ́, tí wọ́n á da omi rẹ̀ nù, tí wọ́n á tún un bọ̀. Wọ́n mọ̀ pé májèlé ni gbòǹgbò rẹ̀ àti èso rẹ̀. Ìmọ̀ igbó kì í ṣe ohun tí a yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A sọ ọ́ nù ni, nígbà tí a gbà pé inú ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ni ọmọlúàbí ń jókòó sí.

Àwọn kejì á ní ewé ilẹ̀ yìí kì í ṣe ewé wa, pé kò ní ọfọ̀, pé ti Nàìjíríà tàbí ti botánica ló jẹ́ ojúlówó. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù, nítorí pé ó ń bú àwọn àgbà tí a jogún ẹ̀sìn yìí lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú dé Kúbà, ta ló ń fi ewé ránṣẹ́ sí wọn? Wọn kò rí ìrókò níbẹ̀. Igi ceiba ni wọ́n rí, èyí tí í ṣe àràbà tí a mọ̀ nílé, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì tẹ́ ìjókòó fún Ìrókò. Ọ̀pẹ gíga kan wà níbẹ̀ tí àrá máa ń sán lù, wọ́n wò ó, wọ́n ní ti Ṣàngó ni. Ní Bràsíl, igi gameleira branca, tó jẹ́ ẹbí ọ̀pọ̀tọ́, ni wọ́n fún ní ipò Ìrókò. Ìwé El Monte tí Lydia Cabrera tẹ̀ ní 1954 kún fún ewé Kúbà, láti ẹnu àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Wọ́n wọ igbó. Wọ́n wo ibi tí ewé ń hù, ìgbà tó ń rú, ìgbà tó ń wọ́, kòkòrò tó ń jẹ ẹ́, ẹyẹ tó ń bà lé e. Wọ́n bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó béèrè lọ́wọ́ òrìṣà. Ẹrú tí wọ́n fi ẹgba lé lọ sóko rí àyè kọ́ igbó tuntun. Àwa tó ní ọkọ̀, tó ní òpin ọ̀sẹ̀, ewé gbígbẹ inú ọ̀rá là ń rà.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni já ewé maple fi wẹ orí ìyàwó lọ́la. Ewé tí yóò rọ́pò ewé, ọ̀rọ̀ àgbà àti Ifá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ewé náà, kí ni yóò gbé lọ síwájú Ifá láti béèrè? Àní, àwọn ẹbí tẹ̀tẹ̀ wa, ewé ẹ̀rọ̀ tí a mọ̀ dáadáa, ń hù ní Amẹ́ríkà láìsí ẹni tó gbìn wọ́n. Àwọn àgbẹ̀ ń pè wọ́n ní pigweed, wọ́n ń fi oògùn pa wọ́n. A lè máa fi dọ́là ra ewé gbígbẹ, kí ẹbí rẹ̀ tútù máa dúró lẹ́yìn ilé, kó máa wò wá.

Àwọn kẹta á ní awo ni ọ̀rọ̀ ewé, a kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gbẹ̀rì. Awo ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ igi kì í ṣe awo. Pé ewé poison ivy máa ń so mẹ́ta mẹ́ta, pé ara á máa yún ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kì í ṣe awo. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Kúbà àti Bràsíl kọ́ wa pé Ọ̀sanyìn fi gbogbo ewé sínú igbá, ó gbé e kọ́ igi, títí afẹ́fẹ́ Ọya fi fẹ́ ẹ wálẹ̀ tí òrìṣà kọ̀ọ̀kan sì ṣa tirẹ̀. Wọ́n ṣa á, ṣùgbọ́n ọwọ́ Ọ̀sanyìn ni agbára rẹ̀ kù sí. Ohun tó fọ́n sílẹ̀ ni ibùdó yẹn ń fi han ọmọ. Èyí tó kù lọ́wọ́ Ọ̀sanyìn, ilé òrìṣà ni yóò ti kọ́ ọ. Ọmọ tí kò bá rí ti àkọ́kọ́, orí kí ni a fẹ́ kọ́ ti ìkejì lé? Ẹ wo ọ̀pá Ọ̀sanyìn, ẹyẹ ló wà lórí rẹ̀. Ọmọ wa ń gbé ọ̀pá náà, kò sì lè dárúkọ ẹyẹ márùn-ún tó ń ké lójú fèrèsé rẹ̀ láàárọ̀.

Àwọn kẹrin á ní wọn kò jẹ́ kí a já ewé níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ní ọ̀pọ̀ ọgbà ìjọba, òfin kò gbà á. Ẹ̀kọ́ la bá lọ, a kò bá ìkórè lọ. Síbẹ̀, ewé kan wà tó ń rùn bí ààyù, garlic mustard, tí àwọn ará Yúróòpù gbé wá, tó ń pa àwọn ewé onílé. Ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, àwọn ibùdó máa ń pe aráàlú kí wọ́n wá fà á tu. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín àlejò àti onílé. Ìyẹn ju fídíò mẹ́wàá lọ.

Ìdí mìíràn tún wà tí ó yẹ ká lọ: a jẹ gbèsè. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń fi sílẹ̀ létí odò: abẹ́là, ìgò, ọ̀rá, rìbọ́n oníke. Ẹni tó ń ṣa ìdọ̀tí létí odò kò mọ̀ pé ẹbọ ni. Ìdọ̀tí ló rí, ìdọ̀tí náà ló sì jẹ́, nítorí pé òrìṣà kì í jẹ ike. Mãe Stella de Oxóssi, ìyálórìṣà Ilé Àṣẹ Opó Àfọ̀njá ní Salvador, tó papò dà ní 2018, ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ láìfi bò: kí wọ́n má ṣe kó ẹ̀bùn dà sínú òkun mọ́ lọ́jọ́ Yemọja, kí wọ́n fi orin rọ́pò rẹ̀. Bí ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ bá lè yí ọwọ́ padà nítorí òkun, kí ló ń ṣe ilé tí a dá sílẹ̀ lánàá?

À ń fi ọdún mẹ́ta tọ́jú owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Òṣogbo, sí igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló pa igbó yẹn mọ́? Àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, àwọn tó mọ igi rẹ̀, tí wọ́n sì jà fún un nígbà tí àwọn mìíràn fẹ́ gé e. Igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ńkọ́, ta ni yóò jà fún un?

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ ní ilé òrìṣà, ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Ní ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀, ẹ wá ibùdó tó sún mọ́ yín, ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ ilé sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà tẹ̀ lé wọn. Kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan mọ igi mẹ́wàá àti ewé mẹ́wàá ìlú tó ń gbé kí ọdún rẹ̀ tó pé, kó mọ èyí tó ń wo ni sàn àti èyí tó ń pa ni. Ẹ yan odò kan kí ilé yín máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, ẹ má dúró de àgbà. Bí wọn kò bá mú yín lọ, ẹ lọ fúnra yín, kí ẹ padà wá kọ́ wọn. Ọgbọ́n ọmọdé àti ti àgbà la fi dá Ilé Ifẹ̀.

Àbọrú, àbọyè.