Ẹni Tí Yóò Pín Oúnjẹ, Ẹ Kọ́kọ́ Kọ́ Ọ Níṣẹ́



Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2024, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ ní Yábàá níbí, àpò kílò 25 ní ₦10,000. Inú wa dùn. Àfi bí ìrẹsì ṣe tán, tí èrò ya wọlé, tí wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Èèyàn kú! Wọ́n sì dá títà náà dúró.

Mi ò bú kọ́sítọ́ọ̀mù o. Iṣẹ́ tiwọn ni mímú onífàyàwọ́. Títo èrò ebi, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Àwa ọlọ́jà, àárọ̀ la ti ń ka ẹrù wa. Ẹni tí kò ní kàn, a ó tètè sọ fún un kí oòrùn tó pa á.

Ìjọba, ẹ gba òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó, ẹ kọ́ wọn, ẹ fún èèyàn ní nọ́ńbà. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sójú kan: ẹ pín in dé Tejúoṣó, Ojúwòyè àti Òyìngbò. Kẹ́ ẹ sì pe àwa ìyálọ́jà sí i.

Ìrẹsì olówó pọ́ọ́kú ò gbọdọ̀ gba ẹ̀mí mọ́.