Níbo Ni Májèlé Náà Ti Wọ Inú Ìgò?

Bí ọmọdé bá lo oògùn tí ó sì kú, ìbáà ṣe ní Àrán-Ọ̀rin tàbí ní ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé: ta ni ó fún un? Bí kì í bá ṣe ìyá ni a dá lẹ́bi, nọ́ọ̀sì ni. Bí kì í bá sì í ṣe nọ́ọ̀sì, a ó ní ayé ni. Lójú tiwa, ìbéèrè náà kù díẹ̀ káàtó. Àgbẹ̀ tí kòkòrò ń jẹ àgbàdo rẹ̀ nínú àká kì í bá ẹni tí ó lọ bù ú wá jà. Àká náà ni yóò yẹ̀ wò láti òrùlé dé ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀ràn My Pikin. Oògùn olómi fún ọmọ tí ń hu eyín ni, ilé-iṣẹ́ Barewa ní Èkó ni ó ń ṣe é. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ìròyìn dé ọ̀dọ̀ ìjọba pé àwọn ọmọ-ọwọ́ ń ní ibà, wọ́n ń bì, wọn kò sì lè tọ̀ mọ́. Kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti kà á, ọmọ 84 ni ó kú. Ìyá tí ó fi ṣíbí bu oògùn náà sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ìfẹ́ ni ó fi ṣe é, owó rẹ̀ ni ó sì fi rà á.

Parasitamọ́ kì í yòrò dáradára nínú omi lásán, nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi propylene glycol pò ó. Ohun tí wọ́n rà sí My Pikin kì í ṣe èyí. Diethylene glycol ni, irú èyí tí a ń lò nínú òróró bíréèkì ọkọ̀. Kò wọ́n, ó dùn lẹ́nu, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èkejì. Bí a bá ti yẹ àgbá náà wò bí ó ti yẹ, a kì bá tí dà á sínú oògùn.

Ní 2013, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán òṣìṣẹ́ 2 lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7, ó sì ní kí a ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Ìdájọ́ náà tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kì í yẹ àgbá wò. Májèlé kan náà ti pa ju 100 ènìyàn lọ ní Amẹ́ríkà ní 1937, nítorí pé wọn kò dán oògùn náà wò kí wọ́n tó tà á. Ní ọdún kejì ni wọ́n fi òfin dí ọ̀nà náà. Ó pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní Jos ní 1990, kí òfin tó dá NAFDAC sílẹ̀ ní 1993. Ní 2022, a tún so ikú ọmọ 66, ó kéré tán, mọ́ ọn ní Gáńbíà, nínú oògùn tí a kó wá láti Íńdíà. Ṣé àwọn ìyá wọ̀nyí náà ni a ó dá lẹ́bi?

Nítorí náà, a ń béèrè pé kí àgbá kankan má ṣe wọ ibi tí a ti ń po oògùn láìjẹ́ pé a yẹ ohun inú rẹ̀ wò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ ìbò wa ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, kí ó sọ fún wa bí ìròyìn ikú tí a kò mọ ìdí rẹ̀ yóò ṣe máa kúrò ní ilé ìwòsàn wa dé Ìlọrin láìpẹ́.

Ní ti ilé kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tí ń lo oògùn kò bá tọ̀ mọ́, ẹ gbé òun àti ìgò rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Nọ́ńbà ara ìgò ni a fi ń mọ ìyókù tí ó yẹ kí a kó kúrò ní ọjà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe bú ìyá náà, nítorí bí ẹ̀rù bá bà á, yóò sọ ìgò náà nù.