Àdúrà "Kí Ọ̀tá Kú" Kò Yẹ Kìrìsìtẹ́nì

Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé nìkan lòwe yìí ń bá wí, kó yà ní ìṣọ́ òru ọjọ́ Jímọ̀ ní púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Yóò rí onígbàgbọ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ àná ṣe àdúrà.

Bí aago méjìlá bá ti lù, àdúrà ọ̀tá bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Pásítọ̀ á gba máìkì, á ní kí kálukú dárúkọ àwọn tó ń bá a jà. Ìjọ á dáhùn: "Kú! Kú! Kú!" Ìyàwó ń pe orúkọ ìyá ọkọ, ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò tí wọ́n jọ ń du ilé bàbá wọn. Wọ́n á máa fẹsẹ̀ janlẹ̀ bí ẹni ń tẹ ejò pa, títí ohùn á fi há. Àwọn ọmọ tó ti sùn sórí ẹní á ta jí, wọ́n á gbọ́ bí ìyá wọn ṣe ń fi ikú ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Èyí tó burú jù ni pé nígbà tílẹ̀ bá fẹ́ mọ́, ìjọ kan náà yóò ka Àdúrà Olúwa, wọn yóò ní kí Ọlọ́run dárí jì wọ́n bí àwọn náà ti ń dárí ji ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn gbogbo "kú, kú" yẹn! Ṣé Ọlọ́run kò gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni?

Lóòótọ́, ìkà ń bẹ láyé, Orin Dáfídì 35, tó ń bẹ Ọlọ́run kó bá ọ̀tá jà, sì wà nínú Bíbélì. Ṣùgbọ́n Jésù ní ká máa gbàdúrà fún ọ̀tá. Pétérù bi í bóyá ìgbà méje tó láti dárí jini, ó ní àádọ́rin ìgbà méje. Díẹ̀díẹ̀ lèèyàn ń dàgbà nínú irú ìdáríjì bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan rèé: ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, ọkùnrin kan yìnbọn fún ọmọbìnrin 10 nílé ẹ̀kọ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì Amish ní Nickel Mines, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Amẹ́ríkà. Márùn-ún kú, òun náà sì pa ara rẹ̀. Kò pẹ́ rárá táwọn Amish fi lọ tu opó rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀ nínú. Nígbà tí wọ́n ń sìnkú rẹ̀, àwọn òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ tiwọn wà níbẹ̀. Ìbínú kò tán nínú wọn lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní ojoojúmọ́ làwọn ń tún ìdáríjì náà ṣe.

Ìdáríjì kò sì dí òfin lọ́wọ́. Póòpù John Paul Kejì dárí ji Mehmet Ali Ağca tó yìnbọn fún un lọ́dún 1981, ó bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́wọ̀n lọ́dún 1983, síbẹ̀ Ağca ò kúrò lẹ́wọ̀n Ítálì títí di ọdún 2000.

Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ "kú, kú" kúrò nínú ìṣọ́ òru tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìjọ dárúkọ ọ̀tá wọn, kí wọ́n sì tọrọ àlàáfíà fún un.